Kí Ló Dé Tí Jagunjagun Ìbàdàn Fi Ń Yìnbọn Láti Ìbàdí?

Ẹ̀rín ló bí ọ̀rọ̀ tá a mú wá lónìí.

Ẹni tó bá ti gbé Àgbòwó rí á mọ àwọn bàbá ọdẹ tí àwọn onílé ń gbà láti máa ṣọ́ àdúgbò lóru. Èyí tó ń ṣọ́ òpópónà tiwa ti kọjá ọgọ́ta ọdún dáadáa. Ṣakabùlà kan ló máa ń gbé kọ́ èjìká, fèrè ẹnu rẹ̀ kì í sì í jẹ́ ká rí oorun sùn lásìkò ìdánwò. Lóru ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, nǹkan kan ń rìn gììrì-gììrì lẹ́yìn ògiri ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán. Bàbá béèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé ta ni, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ló bá fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, ó fi ìdí ìbọn ti ìbàdí, ó gbé ẹnu rẹ̀ sókè, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yìn ín. Gbogbo gíláàsì wíńdò họ́sítẹ̀lì wa ló mì. (Ewúrẹ́ ni o. Àárọ̀ la tó mọ̀.)

Ọ̀kan nínú wa ló sọ̀rọ̀: “Bàbá yìí ò tiẹ̀ wo ibi tó ń yìnbọn sí! Abájọ tí òyìnbó fi rí wa mú.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ náà ò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtàn ni mẹ́ta nínú àwa mẹ́rin tó wà ní yàrá náà, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu ọ̀rẹ́ wa ni ọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ nínú ìwé. Àwọn òyìnbó tó rí ogun ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láàárín àwọn ọdún 1800 sí 1900 kọ ọ́ léraléra pé àwọn ọmọ ogun ibí kì í gbé ìbọn lé èjìká, wọn kì í sì í fojú wọn ibi tí ọta máa bà. Láti ìbàdí ni wọ́n ti ń yìn ín, tí ọta á gba orí igi lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn ni pé ìbọn dé ọwọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní Kenneth Dike Library, ohun tá a rí yàtọ̀ síyẹn. Ìdúró náà kì í ṣe àìmọ̀kan. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ wọn ló kọ́ ara wọn bó ṣe máa dúró, ara náà sì gbọ́ ẹ̀kọ́. Ìgbà tí ìbọn yí padà ni ọ̀rọ̀ dojú rú. Àwọn tó sì kọ́kọ́ fi ìyẹn han Ìbàdàn kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ wa, ìwé kan wà tó dáa láti fi bẹ̀rẹ̀. J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith ló kọ ọ́, Yoruba Warfare in the Nineteenth Century lorúkọ rẹ̀, ó jáde ní 1964, Institute of African Studies ti yunifásítì wa yìí sì lọ́wọ́ sí i. Wọ́n tẹ ìròyìn kan mọ́ ọn, èyí tí Kápítéènì Arthur Trefusis Jones kọ ní 1861, nígbà tí ogun Ìjàyè ń lọ lọ́wọ́. Ọmọ ogun òyìnbó ni Jones. Ó lọ sí ibùdó àwọn Ẹ̀gbá, ó wo ohun ìjà wọn, ó wo bí wọ́n ṣe ń jà, ó sì ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ojú ọmọ ogun ló fi wò ó, ìyẹn ló mú kí ìròyìn náà wúlò. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ti mọ ìbọn mìíràn ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìbọn náà fúnra rẹ̀. Ṣakabùlà, tí òyìnbó ń pè ní Dane gun torí pé àwọn oníṣòwò Denmark wà lára àwọn tó ń tà á létí òkun, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 6. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń kì í. Ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, ọta á tẹ̀lé e, wọ́n á wá fi nǹkan dí i kó má bàa yọ́ jáde. Ẹ̀tù díẹ̀ tún wà níta, nínú àwo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Bí ìka bá fa irin ìsàlẹ̀, akọ òkúta á ṣá irin, iná á ta sí ẹ̀tù inú àwo, iná yẹn á wá gba ihò tín-ín-rín wọlé lọ bá ẹ̀tù inú. Ìgbà yẹn ló tó dún.

Ẹni tó bá gbé irú ìbọn yìí lé èjìká, tó wá ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, ẹ̀gbẹ́ àwo iná yẹn gan-an ló gbé ojú rẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí bàbá ọdẹ wa fi yíjú. Láàárín ìgbà tí òkúta ṣá àti ìgbà tí ọta jáde, àyè díẹ̀ tún wà, ó kéré, àmọ́ ara mọ̀ ọ́n. Iṣan ọrùn, ti èjìká àti ti ọwọ́ ti mọ̀ pé ariwo ń bọ̀, wọ́n á le gbagidi kó tó dé, ẹnu ìbọn á sì yẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ni ní ìbọn yíyìn lóde òní á sọ fún yín pé gbígbọ̀n tí ara ń gbọ̀n ṣáájú ariwo yìí wà lára ohun tó ń mú kí ọta tàsé jù lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbọn tòde òní kì í fi irú àyè yẹn sílẹ̀ rárá.

Ẹ̀tù náà ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ẹ̀tù tó dé ilẹ̀ Yorùbá ló lágbára, nítorí náà oníbọn máa ń bù ú kún. Ìgbà mìíràn, irin wẹ́wẹ́ tí alágbẹ̀dẹ gé ni wọ́n ń kì sí i dípò ọta. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ á gbá èèyàn sẹ́yìn bí ìgbà tí màlúù bá ta èèyàn nípàá, ó sì lè yẹ eegun èjìká. Àwọn ìbọn kan tiẹ̀ máa ń fọ́ mọ́ ẹni tó yìn wọ́n lọ́wọ́, torí pé ojúlówó kọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń kó wá tà fún wa. Ọlọ́gbọ́n wo ló máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú?

A ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu lásán la fi ń sọ ọ́. A ò ní ìbọn (ẹ̀yin sikiọ́ríítì ọgbà, ẹ gbọ́ o, a ò ní), nítorí náà a lọ yá ọmọ odó lọ́wọ́ ìyá oníyán kan nítòsí ọjà Bódìjà. Ọmọ odó gùn, ó wúwo, orí rẹ̀ ló sì wúwo jù, bí ẹnu ìbọn gígùn ṣe máa ń fa ọwọ́ lọ sílẹ̀. Ẹni tó lágbára jù nínú wa, tí kì í pa jíìmù jẹ lọ́jọ́ Sátidé, gbé e lé èjìká, ó na ọwọ́ òsì síwájú láti fi gbà á dúró, ó fojú sun péálì omi kan lókè ọ̀dọ̀dẹ̀. Ẹlòmíràn ń fi fóònù ka àkókò. Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé tí orí ọmọ odó bẹ̀rẹ̀ sí í ya òdo nínú afẹ́fẹ́. Ó ní òun á tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà tó wá fi ìdí rẹ̀ ti ìbàdí, tó fi ìgúnpá ti ẹ̀gbẹ́ ikùn, ó dúró bí òpó. Ó tiẹ̀ ń bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pọnmi gun àjà kẹta ní Àgbòwó mọ ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Bí ẹ bá ká ìgúnpá láti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ á máa gbọ̀n kí ẹ tó dé àjà kejì. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọwọ́ na tàrà, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ̀ sórí eegun, ẹ ó gbé e pẹ́. Ohun tí iṣan nìkan gbé, á gbọ̀n. Ohun tí eegun gbé, tí iṣan kàn ń tọ́jú, á dúró. Gbogbo ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe lè yìnbọn kó bà, orí èyí ló dúró sí, títí kan ti àwọn tó ń fi í díje ní Òlíńpíìkì. Ìbàdí làwọn baba wa gbé e sí torí pé ibẹ̀ ni eegun tó le dúró fún irú ìbọn tiwọn wà.

A ò ní purọ́: ìdúró ìbàdí ò jẹ́ kéèyàn lè fojú tọ ẹnu ìbọn. Àmọ́ kí ni ìbá rí gbà bó bá lè fojú tọ̀ ọ́? Inú ṣakabùlà dán bọ̀rọ́, ọta kì í kún un dáadáa. Á máa forí gbá ọ̀tún gbá òsì títí á fi jáde, ibi tó bá gbá kẹ́yìn ló ń sọ ibi tó máa lọ. Tó bá ti ju nǹkan bíi mítà 100 lọ, ojú tó mú jù láyé ò lè ṣèlérí pé á ba ẹnì kan ṣoṣo. Ìbọn yìí kì í san ẹ̀san fún ẹni tó bá fara balẹ̀ wọ̀n. Ẹni tó bá sún mọ́ ọ̀tá ló ń san án fún.

Ìbàdàn mọ ìyẹn dójú àmì. Nínú ogun Òwu, ní àwọn ọdún 1820, Samuel Johnson kọ ọ́ nínú ìtàn rẹ̀ pé àgédéńgbé ni àwọn ará Òwu gbẹ́kẹ̀ lé, nígbà tí ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú tó ń bá etíkun ṣòwò. Lára àwọn ọmọ ogun tó fọ́ Òwu ló wá dúró sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829. Ibùdó ogun ni ìlú yìí kó tó di ìlú. Ẹ wo oyè wọn bí ẹni wo àwòrán pápá ogun: Balógun wà láàárín, Ọ̀tún Balógun lọ́wọ́ ọ̀tún, Òsì Balógun lọ́wọ́ òsì, Sẹ̀ríkí sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn. Àwọn kan á sáré síwájú, wọ́n á yìn, wọ́n á padà sẹ́yìn lọ kì í, àwọn mìíràn á bọ́ sí ipò wọn. Ara tó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ rọ̀, tí ìbọn wà ní ìbàdí rẹ̀, ti ṣetán láti sáré. Ara tó gbé ìbọn lé èjìká, tó di ojú kan, ti dúró sójú kan. Lójú tiwa, ẹni tó bá pe èyí ní àìmọ̀ọ́lò ò tíì ronú nípa ẹsẹ̀.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé ibòmíràn yàtọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ìbọn àwọn òyìnbó náà ṣì dán nínú, bí irú èyí tí wọ́n fi ja ogun Waterloo ní 1815, ńṣe ni wọ́n ń to àwọn ọmọ ogun wọn ní èjìká sí èjìká, tí gbogbo wọn á yìn ín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń gbé e lé èjìká lóòótọ́, torí pé ìjọba wọn ti wọn ẹ̀tù sínú bébà fún wọn ní ìwọ̀n kan náà, èjìká sì mọ ohun tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìbọn ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í ṣe ojú ẹnì kan. Ọdún 1853 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Hythe, ní Kent, láti máa kọ́ ọmọ ogun bó ṣe máa dúró, bó ṣe máa kúnlẹ̀ àti bó ṣe máa fojú díwọ̀n ọ̀nà jíjìn. Ìdí ni pé ìbọn tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ lọ́nà yíyí ti dé ọwọ́ wọn. Ìbọn yẹn ń mú kí ọta yí bí òkòtó, kó sì lọ tààrà. Ó ti wá yẹ ní kíkọ́, torí pé ó ń gbọ́ràn. Ọdún mẹ́jọ péré ló wà láàárín ìyẹn àti ìgbà tí Jones ń kọ ìròyìn nípa wa.

Ibi tí ìtàn yìí ti dun àwa ọmọ Ìbàdàn ló kù. Ọmọ Iléṣà ni ọ̀kan nínú wa, ó sì ti ń dúró de ìpínrọ̀ yìí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Ní 1878, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, wọ́n para pọ̀, ogun sì fìdí kalẹ̀ lórí àwọn òkè tó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ògèdèǹgbé ló wá ṣe olórí ogun wọn, ọkùnrin tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ológun Ìbàdàn gan-an ló ti kọ́ iṣẹ́. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé. Snider wà lára wọn, irú èyí tí ìjọba òyìnbó gbà fún àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ ní 1866. Ìbàdàn náà ń wá irú rẹ̀ kiri, àmọ́ Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti dí ọ̀nà òkun mọ́ wọn. Ìró ìbọn tó ń dà láàárín àwọn òkè yẹn ló fún ogun náà lórúkọ: Kírìjì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ń tẹnu mọ́ ni pé Snider ń lọ jìnnà, ó sì yára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó jọ wá lójú jù ni pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kì í. Ẹ tún ronú nípa ṣakabùlà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 6 yẹn: báwo lèèyàn á ṣe dùbúlẹ̀ kó máa ti ẹ̀tù bọ ẹnu rẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ kì í gbọ́dọ̀ nàró tàbí kó fara han díẹ̀. Ẹni tó ni Snider á dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn òkúta, á yìn, á ṣí i lẹ́yìn, á ti òmíràn bọ̀ ọ́, á tún yìn, orí rẹ̀ ò ní gbéra nílẹ̀.

Dídọ̀bálẹ̀ sì ni ìdúró tó dáa jù fún ìbọn. Ìgúnpá méjèèjì wà lórí ilẹ̀, àyà wà lórí ilẹ̀, itan wà lórí ilẹ̀. Eegun ló gbé ìbọn, ilẹ̀ ló gbé eegun, iṣan fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iṣẹ́ kankan. Mímí nìkan ló ń gbé ẹnu ìbọn lọ sókè sódò, nítorí náà ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mí jáde, á dúró díẹ̀ kó tó fà á sínú. Ìka á máa tẹ irin náà díẹ̀díẹ̀, kò ní já a gbà, débi pé ariwo náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òun fúnra rẹ̀ lójijì. Níwọ̀n bí ẹ̀tù ti wà ní pípadé nínú ike onírin, kò sí iná tó máa fẹ́ sí i lójú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè sinmi lórí igi ìbọn. Gbogbo ohun tí ṣakabùlà kọ̀ fún ara ni ìbọn yìí gbà láyè.

Ní òdìkejì, ẹni tí ìṣe rẹ̀ jẹ́ kó sún mọ́ ọ̀tá kó tó yìn á ní láti sáré kọjá ilẹ̀ gbalasa tí ìbọn tirẹ̀ ò lè dé òdìkejì rẹ̀. Ọmọ Iléṣà wa ní ká kọ ọ́ pé Ìbàdàn sá. Wọn ò sá. Látóòsà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí ibùdó ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká kúrò níbẹ̀. Àwọn tó lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níwájú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ti ní láti kọ́ ara wọn ní nǹkan kan.

Ní ti òyìnbó, ìgbà tí wọ́n dé gan-an ni ọ̀rọ̀ ìdúró ara ò já mọ́ nǹkan mọ́. Ìbọn Maxim tí wọ́n gbé lọ bá Ìjẹ̀bú ní Imágbọ̀n ní oṣù Kàrún-ún 1892 ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó fi ń dúró. Kò ní èjìká tó lè rẹ̀ ẹ́, kò sì ní ọrùn tó máa le kí ariwo tó dé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé, Kápítéènì Bower sì wá jókòó bí aṣojú wọn.

Ṣakabùlà ò torí ìyẹn kúrò nílẹ̀. Òun ló wà lọ́wọ́ àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà nígbà tí wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969, òun ló sì wà lọ́wọ́ bàbá ọdẹ wa. Nígbà tá a kọ ọ̀rọ̀ yìí dé ìdajì, a ra búrẹ́dì àti ohun mímu tútù, a lọ bá a níbi tó ń jókòó sí lábẹ́ ọ̀pá iná tí kì í tàn. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, a wá béèrè ìdí tí wọ́n fi máa ń yìnbọn láti ìbàdí.

Bàbá ò dáhùn. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ara wọn. Àmì dúdú wẹ́wẹ́ kún ibẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìpéǹpéjú, bí ìgbà tí wọ́n bá bu ata gígún sí ara ẹran. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn lọ wo fíìmù kan ní ilé sinimá ní apá Dùgbẹ̀. Òyìnbó orí ẹṣin ló gbé ìbọn lé èjìká, tó di ojú kan, tó sì já adé lórí ìgò. Àwọn padà sóko, àwọn gbé ìbọn bàbá àwọn, àwọn dán an wò.

“Ṣé ẹ rí i báyìí, ẹ̀yin ọmọ yunifásítì?” Wọ́n pa tọ́ọ̀ṣì, wọ́n bu búrẹ́dì jẹ. “Ẹ dákun, ẹ lọ dá ọmọ odó padà fún ìyá oníyán. Ó ti wá béèrè yín lẹ́ẹ̀mejì.”